Ẹ̀yin Tẹ́ ẹ Ní Káàdì Ẹgbẹ́, Ẹ Má Jókòó Sílé Lọ́jọ́ Ìdìbò Abẹ́lé

Ẹni mẹ́ta péré ni. Mo ṣì ń rántí ẹ̀ dáadáa, ìdìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ fi ń mú ẹni tó máa fà kalẹ̀, èyí tá a ṣe kẹ́yìn ní wọ́ọ̀dù wa, orí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ṣe é, oòrùn ti mú ká tó bẹ̀rẹ̀ torí àwọn tí wọ́n ní kó wá ṣètò ẹ̀ ò tètè dé. Wọ́n ní kí aṣojú olùdíje kọ̀ọ̀kan gbé fọ́tò ọ̀gá ẹ̀ dání kó lọ dúró síwájú, kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ wá tò sẹ́yìn ẹni tó bá wù wá. Ọkùnrin tó ń kà wá mú bírò kan lọ́wọ́, ìdí bírò yẹn ló fi ń kan èjìká wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní "oókan", a ó gbà á lẹ́nu ẹ̀, "eéjì", "ẹẹ́ta", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ti kà ẹ́ tán wàá kúrò lórí ìlà lọ dúró lápá kejì kí wọ́n má baà kà ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ka tiwa tán. Wọ́n bọ́ sórí ìlà kejì, wọ́n kà á dé iye tiwa, mo gbójú sókè, mo rí i pé èèyàn mẹ́ta ṣì dúró.

Bí ẹni tá a fẹ́ ò ṣe wọlé nìyẹn.

Inú mi ò dùn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù, ìdìbò ni, ẹnì kan á wọlé, ẹnì kan á já. Ohun tó dùn mí wọra ni ohun tí mo rí nígbà tí mò ń lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ti máa ń wo bọ́ọ̀lù, mo rí ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́fà níbẹ̀, mẹ́fà o, gbogbo wọn ló ní káàdì, gbogbo wọn la jọ máa ń jókòó nípàdé, ẹni tá a tìtorí ẹ̀ tò sórí ìlà yẹn gan-an náà sì ni àwọn náà fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ta ló wọlé?" Mi ò lè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹnu mi wúwo. Pápá yẹn sí ibi tí wọ́n jókòó sí, kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú nílé, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tèmi torí kò kan ẹgbẹ́ kan, ìwà yìí wà nínú gbogbo wọn.

Ẹ wò ó, lọ́jọ́ ìdìbò gbogboogbò, kò sẹ́ni tó ń jí wa. Kílẹ̀ tó mọ́ a ti wà ní yúnìtì, PVC, ìyẹn káàdì ìdìbò, wà lápò, omi wà lọ́wọ́, a ti ṣe tán àtidúró títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tá a bá wá dúró tán lọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pé "ṣé àwọn yìí náà ni wọ́n tún gbé wá bá wa?" "Ta ló yan eléyìí fún wa?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò sọ pé kò dáa, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ tó yẹ ká béèrè ẹ̀ ti kọjá tipẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an la sì wà níbi ìnáwó, àbí a wà nídìí ọjà, àbí a ń sùn.

Ẹ tún ro eléyìí. Ìwé ìdìbò tí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, máa ń fún wa, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lo máa tẹ̀ka sí. Ẹni tó dúró sẹ́yìn àmì yẹn, ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé ni wọ́n ti gbé e dúró síbẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ò sì gbà kí èèyàn kàn dá dìde pé òun fẹ́ du gómìnà tàbí ipò ààrẹ láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ìwé òfin 1999 ti sọ ọ́, ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ fa èèyàn kalẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹnu ọ̀nà míì. Ẹni rere tẹ́ ẹ ń wá, tẹ́ ẹ ní ẹ ò rí, bóyá ó ti jáde rí, bóyá ó tilẹ̀ ti wá sí wọ́ọ̀dù yín wá kí yín, àmọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti dá a padà, ẹ ò sì sí níbẹ̀ tẹ́ ẹ fi lè sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó wọlé.

Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló sì wà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ló lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ yẹn ti wọlé tán, ìdìbò gbogboogbò kàn máa fi òǹtẹ̀ lù ú ni. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìdìbò abẹ́lé gan-an ni ìdìbò. Tó o bá fò ó, o ò tíì dìbò, kódà kó o lo PVC ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ìbò ẹnì kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ yí padà. Ẹ jẹ́ n rán yín létí Ọ̀ṣun ọdún 2018. Ìdìbò abẹ́lé PDP fún ipò gómìnà, lóṣù keje ọdún yẹn, Ademola Adeleke ní ìbò 1,569, Akin Ogunbiyi ní 1,562. Ìbò méje. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ fa gómìnà kalẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 30, ìbò méje ló pàṣẹ ẹni tó máa jẹ́. Bọ́ọ̀sì kan tó bá bà jẹ́ lójú ọ̀nà tó àtiyí èsì yẹn padà. Nígbà tí wọ́n wá dé ìdìbò gbogboogbò lóṣù kẹsàn-án, tí wọ́n tún un dì láwọn yúnìtì kan, ìbò 482 ni Gboyega Oyetola ti APC fi borí Adeleke nínú ìdìbò tó lé ní ìlàjì mílíọ̀nù. Ìpínlẹ̀ kan náà, ọdún kan náà. Ẹni tó bá ṣì ní ìbò òun ò tó nǹkan lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ohun tí mo tún lè fi yé e.

Ká sọ ti Èkó náà. Ọdún 2018 yẹn náà ni, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, Akinwunmi Ambode wà lórí àga gómìnà, sáà àkọ́kọ́ ló ń lò lọ́wọ́. APC ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jáde ní wọ́ọ̀dù wọn, kí wọ́n tò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìbò 970,851 ni wọ́n kéde fún Babajide Sanwo-Olu, 72,901 fún gómìnà tó wà lórí àga. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà títí dòní, oníkálukú ló ní ohun tó rí, mi ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé ẹgbẹ́ alátakò kọ́ ló yọ gómìnà yẹn. Ìdìbò gbogboogbò ṣì ku oṣù márùn-ún. Àárín ẹgbẹ́ tiẹ̀ ló ti parí.

Àwọn àgbà tó bá ń ka èyí á rántí Option A4 ọdún 1993. SDP àti NRC nìkan ló wà nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ dupò ààrẹ, wọ́ọ̀dù tiẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀, tó bá já níbẹ̀ ó parí, tó bá yege á lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, láti ibẹ̀ á bọ́ sí ìpínlẹ̀, kó tó wá dé ìpàdé ńlá tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti máa pàdé. MKO Abiola, bó ṣe lówó tó, bórúkọ ẹ̀ ṣe kárí ayé tó, ọ̀nà yẹn ló gbà dé Jos lóṣù kẹta ọdún yẹn, níbi tí òun àti Babagana Kingibe àti Atiku Abubakar ti jọ fà á, kí SDP tó fa Abiola kalẹ̀. Gbogbo wa la ń sọ June 12, a ń ṣe ìrántí ẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di June 12, ọjọ́ kan wà táwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan jáde nílé wọn, tí wọ́n lọ tò. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ìrántí ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ká ní wọn ò jáde ni, June 12 kì bá má sí.

Ẹ wá fi ìyẹn wé 2022. Òfin ìdìbò tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kejì ọdún yẹn là á sílẹ̀ nígbà náà pé ọ̀nà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ lè gbà mú ẹni tó máa fà kalẹ̀: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, tàbí káwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú tí wọ́n yàn, bá wọn dì í, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan. Àwọn aṣòfin ti kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ di dandan tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ dìbò, Ààrẹ Buhari ò fọwọ́ sí i ní ìparí 2021, ó ní owó ẹ̀ máa pọ̀, ààbò ẹ̀ máa le, wọ́n wá tún un ṣe. Nígbà tó wá kan ipò ààrẹ, dẹ́lígéètì làwọn ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì lò. APC mú mẹ́ta mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2,322 èèyàn, àwọn ni wọ́n pé jọ sí Eagle Square l'Ábújá lóṣù kẹfà, Bola Tinubu ní 1,271 nínú ìbò wọn. PDP mú ẹyọ kan ṣoṣo láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbò 371 ló sì gbé Atiku wọlé. Orúkọ tó wà nínú ìwé INEC fún ìdìbò 2023 lé ní mílíọ̀nù 93. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé ṣebí dẹ́lígéètì ni wọ́n lò lọ́dún yẹn, kí ló kan ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Ó kàn yín. Àwọn dẹ́lígéètì yẹn ò já bọ́ látọ̀run, ìdìbò ni òfin 2022 yẹn ní kí wọ́n fi yàn wọ́n, nílé, láàárín ẹgbẹ́, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ yàn wọ́n. Lọ́pọ̀ ibi, ọjọ́ tí wọ́n yàn wọ́n, èèyàn mélòó ló mọ̀ pé ọjọ́ náà ni? Alága, sẹ́kítírì, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn, wọ́n kọ orúkọ, ó tán. Ní wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, èmi fúnra mi ò gbọ́ àfi lọ́jọ́ kejì. Mo bínú, mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn olóyè wa, ó ní, "Àbúrò, a kéde ẹ̀ nípàdé, ẹ ò wá sípàdé." Òótọ́ ni. Mi ò wá sípàdé. Mi ò ní àwíjàre kankan, mo sì ti pinnu pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìyá kan wà lójú ọ̀nà wa tó ń ta aṣọ, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Aláṣọ. Mo lọ bá a lọ́sẹ̀ tó ku díẹ̀ ká ṣe ìdìbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo ní "Mà, ṣé ẹ máa wá sí ìdìbò ẹgbẹ́?" Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣòṣèlú, èmi ń tàṣọ." Mo ní ṣebí ẹ ní káàdì. Ó ní òun ní in, ó nawọ́ sísàlẹ̀ káńtà, ó gbé àpò kan jáde, ó tú u, nínú ẹ̀ ni ó ti mú ọ̀rá kan jáde tó so ní kókó, káàdì ẹgbẹ́ ẹ̀ wà nínú ẹ̀, kò ká, kò dọ̀tí, bí wọ́n ṣe fún un ló ṣe wà. Ó ní wọ́n ní kí gbogbo àwọn wá gbà á nígbà yẹn, àwọn sì gbà á, kò sẹ́ni tó tún bi òun nípa ẹ̀ látìgbà náà.

Mo ń wo káàdì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo kàn bi í pé mà, gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù yín yìí, tó máa ń kún wọ inú ọjà yín nígbà òjò, ta lẹ sọ fún? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta lòun fẹ́ sọ fún, káńsẹ́lọ̀ tí òun ò mọ ojú ẹ̀? Mo ní ìgbà tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ṣé kò wá kí yín? Ó ní kò wá. Mo ní kò wá torí ó mọ̀ pé ẹ ò ní jáde. Àwọn tó mọ̀ pé wọ́n á jáde, ó lọ kí wọn nílé, ó jókòó, ó mu omi wọn. Ìyá dákẹ́. Ó wá ní, "Aago mélòó ni?"

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un yẹn, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Olóṣèlú ń ka orí. Kó tó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó lè tò sẹ́yìn fọ́tò ẹ̀ ló ń wá, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló máa lọ, ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ló máa fetí sí. Tó bá ti gbà á tán, ìbò ẹgbẹ́ ló ń retí, ó mọ̀ pé ẹ ò ní torí òun lọ dìbò fún ẹgbẹ́ kejì. Ìgbà tọ́rọ̀ yín wúwo jù lọ́wọ́ ẹ̀ ni ìgbà tẹ́ ẹ kì í yọjú.

Ẹ jẹ́ n dáhùn àwọn ohun tí mo máa ń gbọ́ jù. Wọ́n á ní àwọn lídà ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́, pé wọ́n kàn ń fi wá ṣeré. Nígbà míì wọ́n ti mú un lóòótọ́. Àmọ́ òfin 2022 yẹn sọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ò mọ̀: tí wọ́n bá fẹ́ fẹnu kò sórí ẹnì kan, gbogbo àwọn tó kù tí wọ́n jọ fẹ́ dupò náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé àwọn yọ̀ǹda fún un, tinútinú. Tí ẹyọ kan nínú wọn bá kọ̀, ìfẹnukò ò sí mọ́, a jẹ́ pé ìbò ni. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé "wọ́n ti parí ẹ̀ lókè", ẹ béèrè pé ṣé ẹni tiyín fọwọ́ sí i? Tí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ lọ wọ bàtà yín.

Ti owó. Mi ò ní parọ́, owó ń rìn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, èwo ló rọrùn láti rà, èèyàn mẹ́ta nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni àbí gbogbo wọ́ọ̀dù tó jáde sí pápá lójú ara wọn? Ìdí tí owó fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni pé a kéré níbẹ̀. Iye tó bá jáde bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó náà á máa fẹ́lẹ́ sí i, tó bá yá kò ní tó pín mọ́.

Ti ìjà, ìyẹn gan-an ni mi ò lè fojú kéré, torí ibi kan wà tí wọ́n ti ṣe èèyàn léṣe. Ẹ tètè débẹ̀, ẹ jọ lọ ní ẹgbẹẹgbẹ́, àwọn ará ojúlé kan kí wọ́n jọ rìn, ẹ má kó ọmọdé dání, tí ẹ bá rí i pé ó ti ń dà rú, ẹ kúrò ńbẹ̀, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Àmọ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti mọ ara wọn dáadáa, tí ìyá àti bàbá àti àgbà àdúgbò wà lórí ìlà, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá dàlú rú kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, mo ti rí i lójú mi, ọmọ kan tó ń pariwo rí ìyá ẹ̀ lórí ìlà, ó rọra yí fìlà ẹ̀ padà, ó lọ jókòó.

Nǹkan míì wà. Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí náà. Ẹ rántí Zamfara ọdún 2019. APC wọlé níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, gómìnà, àwọn sẹ́nétọ̀, àwọn aṣòfin, wọ́n gbá a tán pátápátá. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún, ọjọ́ márùn-ún péré sí ìbúra, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ẹgbẹ́ náà ò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu, pé gbogbo ìbò tí wọ́n dì fún un ti ṣòfò. Gbogbo ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ṣe ìkejì ló lọ búra. Ẹ ro bó ṣe máa rí lára ẹni tó dúró nínú oòrùn lọ́jọ́ ìdìbò gbogboogbò, tó tẹ̀ka, tó yọ̀, kó wá gbọ́ pé ìbò òun ò ṣeé kà nítorí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti pọ̀, tí wọ́n kà á lójú wọn, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, ó ṣòro kí ẹnì kan tó sọ pé a ò ṣe é, ó sì ṣòro kí ẹnì kan tó lọ jókòó sílé kọ iye tó wù ú.

Báyìí, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kí ọjọ́ náà tó dé. Káàdì ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀, PVC ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe gbé ọ̀kan lọ dípò èkejì. Ẹ wá káàdì yín jáde lónìí, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Níní káàdì nìkan ò sì tó o, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ́jísítà. Òfin 2022 ló sọ ọ́ di nǹkan ńlá, abala 77 ẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀, kó sì gbé e fún INEC ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Ẹ lọ bá sẹ́kítírì wọ́ọ̀dù yín, ẹ ní kó fi orúkọ yín hàn yín, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, torí mo mọ ẹnì kan tí wọ́n dá padà lórí ìlà nítorí pé orúkọ bàbá ẹ̀ ni wọ́n kọ síwájú tí wọ́n sì ṣì í kọ. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Tí sẹ́kítírì bá ń sọ pé "ẹ padà wá lọ́la", ẹ padà lọ lọ́la, kẹ́ ẹ mú ẹnì kejì dání. Ẹ bi í ọ̀nà tí ẹgbẹ́ fẹ́ lò lọ́tẹ̀ yìí, ẹ bi í ọjọ́, ibi, aago. Ẹ máa lọ sípàdé wọ́ọ̀dù, ó máa ń sú mi náà, ó máa ń gùn, ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ dúró títí wọ́n á fi kà á tán tí wọ́n á fi kọ ọ́ sórí ìwé èsì. Ẹ má tò tán kẹ́ ẹ wá sá lọ sábẹ́ ibòòji kí wọ́n tó kàn yín, mo ti rí ìyẹn náà, ẹni tí kò sí lórí ìlà nígbà tí bírò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ẹ mú omi dání, ẹ mú nǹkan tẹ́ ẹ máa fi borí. Tí ẹni tiyín bá já, ẹ kí ẹni tó wọlé, ẹ jẹ́ kó mọ ojú yín, ó máa tún padà wá.

Ìyá Aláṣọ wá lọ́jọ́ yẹn. Kò pẹ́, ó débẹ̀ ṣáájú èmi gan-an, ó gbé àpótí kékeré kan tó ń jókòó lé nínú ṣọ́ọ̀bù dání, ó gbé e sórí ìlà, ó jókòó lé e, bí ìlà bá sún á dìde, á sún àpótí, á tún jókòó. Nígbà tí bírò kàn án léjìká, òun fúnra ẹ̀ ló pe nọ́ńbà ẹ̀ sókè kí ọkùnrin yẹn tó pè é, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A já lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti mọ̀. Nígbà tí mo lọ kí i lọ́jọ́ kejì, èrò mi ni pé á bínú sí mi pé mo fi àkókò ẹ̀ ṣòfò. Kò bínú. Ó ti ń ka orúkọ àwọn obìnrin tó wà lójú ọ̀nà yẹn tí wọ́n ní káàdì tí wọn ò wá, ó ń fi ìka kà wọ́n, mẹ́rin, márùn-ún, ó ní tó bá tún di ìgbà míì kí n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ òun láàárọ̀, òun á ti lọ kan ilẹ̀kùn wọn, kí n wá bá àwọn gbé bẹ́ǹṣì.